Alága Káńsù Tó Ṣe Hẹ́rọ́dù

Ìyìn máa ń pa àwọn kan bí ọtí. Tí ẹ bá yin ẹlòmíràn lẹ́ẹ̀kan, á rẹ́rìn-ín, á bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n Olóyè Lawrence Ọmọ́tọ́ṣọ́, alága káńsù Òkè-Ọsàn-Èkìtì, tí ẹ bá kí i ní "Ẹ káàárọ̀ sà" lásán, á wo ẹ̀yìn yín wò, bóyá ẹ gbàgbé ìyókù sójú ọ̀nà. Ìyókù náà nìyí: "Bàbá Ìdàgbàsókè, Òpó tí kì í yẹ̀, Ìràwọ̀ Gúúsù Èkìtì." Ẹni tó bá fo ọ̀kan nínú wọn lè jókòó sí yàrá àlejò títí di ìrọ̀lẹ́, kò ní rí alága. Bí alága bá mu omi, wọ́n á yà á ní fọ́tò. Bó bá wúkọ́, Olúwaṣògo, akọ̀wé ìròyìn rẹ̀, á kọ ọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé alága ti sọ̀rọ̀ lórí ètò ìlera.

Ẹ má bínú sí i jù. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ju ikú lọ ni kí ó jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan kí ó má rí ẹnikẹ́ni ní yàrá àlejò. Sáà rẹ̀ sì ti ń parí lọ.

Òkè-Ọsàn kò tóbi. Ọ̀nà Ẹ̀mùrẹ́ ló wà, níbi tí kòkó àti ẹ̀gẹ́ ti ń bá ilé du ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí wọ́n fi yàtọ̀ sí àwọn ìlú tó yí wọn ká. Ìjọ mẹ́ta tó wà níbẹ̀, oníkálukú ló ti ṣe fíìmù ìtàn ìbí Jésù tirẹ̀, pẹ̀lú aṣọ ìborùn àwọn ìyá ìjọ àti irùngbọ̀n òwú. Ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì lọ́dọọdún, nígbà tí àwọn ọmọ ìlú bá ti ti Èkó àti Ìbàdàn dé, gbogbo wọn á kóra jọ sí gbọ̀ngàn ìlú, wọ́n á wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí ẹni tí kò rí i rí.

Nínú ti Áńgílíkà, okùn tí wọ́n fi so áńgẹ́lì mọ́ àjà já. Áńgẹ́lì já lu àwọn olùṣọ́-àgùntàn, ó sì ń tiro jíṣẹ́ Ọlọ́run dé òpin. Nínú ti Àpọ́sítélì, àwọn amòye ṣìnà dé Òde-Èkìtì, wọ́n jẹ iyán níbẹ̀, ìràwọ̀ sì dúró dè wọ́n títí wọ́n fi ṣanwọ́. Ti Kátólíìkì ńkọ́? Ọmọ tí wọ́n yá láti ṣe Jésù, ọmọbìnrin ni. Yẹtí etí rẹ̀ ń dán ju ìràwọ̀ lọ. Kálukú ló ní èyí tó fẹ́ràn jù, wọ́n sì máa ń jà lé e lórí. Tọkọtaya kan wà ládùúgbò ọjà tí wọn kì í bára wọn sọ̀rọ̀ títí di ọdún tuntun nítorí okùn áńgẹ́lì yìí.

Bí fíìmù bá parí, wọ́n á gbé àga. Àṣà wọn nìyẹn. Kálukú ló ń gbé àga tirẹ̀ wá láti ilé. Àwọn tó ni fíìmù kọ̀ọ̀kan á dúró sí igun tiwọn, ìwọ náà á gbé àga rẹ, o lọ jókòó ti àwọn tí fíìmù wọn wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Kò sí ìwé ìbò, kò sí ìka títẹ̀. Ojú gbogbo ayé lo ó ti gbé e.

Ọ̀rọ̀ àga yìí ló dé etí Bàbá Ìkẹ́rẹ́. Bàbá Ìkẹ́rẹ́ ni àgbà ẹgbẹ́ òṣèlú wọn ní gbogbo agbègbè náà. Ẹni tó bá nawọ́ sí ló ń gba tíkẹ́ẹ̀tì. Ó pe alága.

"Lawrence, mo ti rí àwọn tó gba ìrẹsì lọ́wọ́ wa tí wọ́n tún lọ dìbò fún ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n wọ́n ní àga kì í purọ́ nílùú yín. Mò ń bọ̀ wá wò ó ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì. Tí àwọn èèyàn rẹ bá gbé àga tọ̀ ọ́ lọ, tìrẹ ni sáà kejì. Tí wọn ò bá gbé e, kí o lọ sinmi."

Alága padà dé ọ́fíìsì, ó ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn.

"A máa ṣe fíìmù Kérésìmesì," ó wí. "Èyí tó máa jẹ́ kí wọ́n gbàgbé okùn áńgẹ́lì. Olúwaṣògo, ta ló tóbi jù nínú ìtàn yẹn?"

"Jésù ni, sà."

"Ọmọ ọwọ́ nìyẹn. N ò lè ṣe ọmọ ọwọ́."

"Jósẹ́fù ńkọ́, sà?"

"Kápíńtà! Èmi, Ọmọ́tọ́ṣọ́, kápíńtà?"

"Áńgẹ́lì, sà."

"Wọ́n ń rán áńgẹ́lì níṣẹ́. Èmi ni mo máa ń ránni."

"Ẹ jẹ́ ká mú amòye kan, sà. Olówó ni wọ́n."

"Mẹ́ta ni wọ́n. N kì í bá èèyàn pín oyè." Alága gbá tábìlì. "Ṣé kò sí ẹni tó ní ààfin ni? Ẹni tó ní ọmọ ogun? Ẹni tí wọ́n ń pè ní Kábíyèsí?"

Olúwaṣògo ni olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ní ìjọ rẹ̀, ó mọ ẹni tó ní ààfin. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ibẹ̀ gan-an ni èèyàn kan ì bá ti gba ọ̀gá rẹ̀ là. Ṣùgbọ́n òtítọ́ korò, owó oṣù sì dùn.

"Hẹ́rọ́dù ni, sà."

"Hẹ́rọ́dù!" Alága pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀mejì, ó tọ́ ọ wò lẹ́nu. "Orúkọ ọba nìyẹn. Ó ti parí, èmi ni Hẹ́rọ́dù."

Gbogbo ọdún tí wọ́n ti ń ka orí Bíbélì yẹn ní ṣọ́ọ̀ṣì, oorun ló máa ń gbé e lọ.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Ìmọ́lẹ̀olúwa, ọmọ ìlú tó ń ya fíìmù jẹun ní Ìbàdàn, tó wá ṣọdún Kérésìmesì lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin náà kò mọ bí wọ́n ṣe ń tan alága.

"Ẹ̀yin bàbá, Hẹ́rọ́dù kì í ṣe èèyàn dáadáa o. Ó ní kí wọ́n pa àwọn ọmọ wẹ́wẹ́."

"Àwọn ọ̀tá ló kọ ìyẹn," alága dá a lóhùn. "Akọ̀wé ìròyìn rẹ̀ ni kò ṣiṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Nínú fíìmù tèmi, Hẹ́rọ́dù máa gbẹ́ kànga ìgbàlódé sí Bẹ́tílẹ́hẹ́mù. Ohun mìíràn tó ń bí mi nínú nínú àwọn fíìmù yòókù nìyí: Jósẹ́fù àti Màríà wọ ìlú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn kiri. Ọmọ Yorùbá wo ló máa wọ ìlú tí kò ní kọ́kọ́ lọ kí olórí ìlú? Wọ́n máa wá kí mi. Màá ní kí wọ́n wọlé. Màá bá wọn sọ̀rọ̀ díẹ̀."

"Ọ̀rọ̀ díẹ̀" alága, oúnjẹ máa ń tutù nínú ìkòkò kó tó parí.

Ó tún ní òun kò fẹ́ Màríà onírọ̀rí. Aláboyún gidi ni kí wọ́n wá. Wọ́n mú Ọmọ́tóyọ̀sí, ìyàwó Ṣẹ́gun àgbẹ̀ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́, tí oyún rẹ̀ ti wọ oṣù ìbí, Ṣẹ́gun fúnra rẹ̀ sì di Jósẹ́fù. Ààfin ló kù. Kò sí ilé tó dán ní Òkè-Ọsàn ju ilé ìgbẹ̀bí tuntun lọ, ni wọ́n bá sọ ọ́ di ààfin.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilé ìgbẹ̀bí yìí kí inú tó bí mi jù. Láti ìgbà òjò ni wọ́n ti kọ́ ọ parí. Ibùsùn wà níbẹ̀, omi wà níbẹ̀. Wọ́n ti gba nọ́ọ̀sì méjì, abẹ́ igi máńgòrò ìta ni wọ́n sì ń jókòó lójoojúmọ́. Rìbọ́ọ̀nù pupa kan ló dí gbogbo wọn lọ́nà. Alága ń wá èèyàn ńlá tí wọ́n máa jọ gé e. Èyí tó kọ́kọ́ pè láti Adó rìnrìn àjò, èkejì ń ṣàìsàn, ó wá pinnu pé Bàbá Ìkẹ́rẹ́ ni yóò gé e lọ́jọ́ fíìmù. Títí di ìgbà náà, kọ́kọ́rọ́ wà lápò alága, àwọn aláboyún sì ń gun ọ̀kadà lọ sí Ẹ̀mùrẹ́, wọ́n fi ọwọ́ kan di ikùn mú, wọ́n fi ọwọ́ kejì di ọlọ́kadà mú.

Ọjọ́ tí wọ́n máa ya ìran ààfin pé. Alága jókòó síwájú rìbọ́ọ̀nù lórí àga tí wọ́n fi àrán bò. Adé páálí orí rẹ̀ ga débi pé kò lè yí ọrùn. Bí wọ́n bá pè é lápá òsì, gbogbo ara ló fi ń yí. Ìmọ́lẹ̀olúwa tan kámẹ́rà. Ṣẹ́gun àti ìyàwó rẹ̀ rìn dé ẹnu géètì. Ó yẹ kí Ṣẹ́gun wí pé, "Kábíyèsí, a wá kí yín." Ṣùgbọ́n Ọmọ́tóyọ̀sí gbá géètì mú, ó tẹ̀ba, òógùn bò ó.

"Ṣẹ́gun, ó ti dé o."

"Kò sí èyí nínú ohun tí a kọ," alága wí, "ṣùgbọ́n ó ń ṣe é dáadáa. Ẹ máa yà á lọ."

"Alága, ẹ̀ í ṣe eré o!" Ṣẹ́gun ké. "Ìyàwó mi ń rọbí! Ẹ dákun, ẹ ṣí ulé yìí fún wa!"

Ẹ̀rù ba Ọmọ́tóyọ̀sí gan-an. Oyún rẹ̀ àkọ́kọ́ bà jẹ́ lọ́nà Ẹ̀mùrẹ́, kó tó dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì. Ó mọ bí ọ̀nà náà ṣe jìn tó, ó sì ń wo ilẹ̀kùn tó wà níwájú rẹ̀ báyìí, tí kò ju ìwọ̀n ìsọ òkò lọ.

Alága dìde. Ó rí èrò, ó rí kámẹ́rà. Tí méjèèjì bá ti pàdé, ọ̀rọ̀ máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀ bí omi ẹ̀rọ tó bàjẹ́.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi rere! Inú mi dùn pé ìrọbí yìí bẹ̀rẹ̀ lákòókò ìṣàkóso mi. Ṣùgbọ́n ìjọba ní ìlànà! A ò tíì ṣí ilé yìí. Bí wọ́n bá ti bímọ sínú rẹ̀, ṣé ilé tuntun la tún máa pè é níwájú àwọn àlejò wa? Ìjọba kì í sáré tẹ̀lé ikùn. Ikùn ló gbọ́dọ̀ máa tẹ̀lé ìjọba! Mo rọ ìyá yìí pé kó ní sùúrù. Mo rọ ọmọ inú rẹ̀ pẹ̀lú, kó fara balẹ̀, kó dúró de ètò. Ẹni tó bá dúró de ìjọba yìí, ojú kò ní tì í!"

Olúwaṣògo pàtẹ́wọ́. Òun nìkan ló pa á.

Lódìkejì ọ̀nà ni ilé gàrí wà, níbi tí àwọn obìnrin ti ń yan gàrí, tí ewúrẹ́ gbogbo àdúgbò sì ń jẹ èèpo ẹ̀gẹ́. Ìyá Fúnmi, àgbà wọn, ti dìde láti ìgbà tí alága ti sọ "ìlànà". Ó ju igbá tó fi ń ro gàrí sílẹ̀.

"Kí lẹ ń wò? Ẹ gbé e wá sí ulé gàrí! Ṣé ọmọ ni ẹ́ dúró de rìbọ́ọ̀nù?"

Àwọn nọ́ọ̀sì méjèèjì sáré dìde lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n sì tẹ̀ lé e. Àwọn obìnrin tú ìró tí wọ́n ró lé aṣọ, wọ́n fi ta ògiri yí Ọmọ́tóyọ̀sí ká. Kámẹ́rà Ìmọ́lẹ̀olúwa dúró níta, ó ń wo àwọn ewúrẹ́, àwọn ewúrẹ́ náà ń wò ó. Alága ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ́hùn-ún nígbà tí ọmọ ké. Ìyá Fúnmi wẹ ọmọ, ó fi gèlè tirẹ̀ wé e, wọ́n ká apá kan ìró náà kúrò lójú kámẹ́rà, ó sì tẹ́ ẹ sínú ọpọ́n tí wọ́n fi ń fẹ́ gàrí, nítorí òun nìkan ló mọ́ tónítóní níbẹ̀. Ṣẹ́gun, tòun ti irùngbọ̀n òwú rẹ̀, bú sẹ́kún. Ọmọkùnrin ni, ara rẹ̀ le, ara ìyá rẹ̀ náà sì le.

Kí Kérésìmesì tó pé, Ìmọ́lẹ̀olúwa gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá sí pálọ̀ alága. Ẹ fetí sí mi dáadáa níbí o, nítorí kò sí ẹni tó dẹkùn fún Olóyè Lawrence. Ọ̀dọ́kùnrin náà dọ̀bálẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀yin bàbá, mo fẹ́ gé ibi ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ lẹ́nu géètì yẹn kúrò. Kò ní dáa fún yín."

Wọ́n tàn án. Alága rí ara rẹ̀ tòun ti adé. Ó gbọ́ "ikùn ló gbọ́dọ̀ máa tẹ̀lé ìjọba", ó ní kí wọ́n dá a padà. Ó tún gbọ́ ọ. Omi lé ròrò lójú rẹ̀.

"Gé kí ni? Ohùn mi kò dùn tó báyìí rí! Olúwaṣògo, kí lo rí?"

"Sà, irun ara mi dìde."

Florence, ìyàwó alága, ti dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná láti àárọ̀, ó ń wo gbogbo rẹ̀.

"Bàbá Àánú, ẹ gbọ́ tèmi. Èmi náà bímọ. Ẹ yọ ọ̀rọ̀ yìí kúrò."

"Florence, òṣèlú lèyí o, kì í ṣe ọbẹ̀."

"Mo gbọ́," Florence wí, ó sì wọlé padà.

"Ibi ewúrẹ́ ńkọ́, sà?" Ìmọ́lẹ̀olúwa béèrè.

"Fi í sílẹ̀. Kí wọ́n rí ètò ọ̀sìn wa. Kí wọ́n sì rí i pé ọmọ náà dé láyọ̀. Ṣé mi ò sọ pé kó fara balẹ̀ ni?"

Ọjọ́ kejì Kérésìmesì dé, gbọ̀ngàn kún dẹ́nu ọ̀nà. Alága ti pín àga oníke tuntun fún ìlú, wọ́n tẹ àwòrán ojú rẹ̀ sẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Inú rẹ̀ dùn bó ti rí i tí ojú òun ń wo òun láti iwájú dé ẹ̀yìn. Bàbá Ìkẹ́rẹ́ jókòó lápá ọ̀tún rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá. Ọmọ́tóyọ̀sí jókòó lọ́wọ́ ẹ̀yìn pátápátá láàárín àwọn obìnrin ilé gàrí, ọmọ wà láyà rẹ̀.

Wọ́n wo okùn áńgẹ́lì, wọ́n rẹ́rìn-ín bíi ti ìgbà gbogbo. Wọ́n wo àwọn amòye Òde-Èkìtì, wọ́n wo ọmọ oníyẹtí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tan ti alága.

Níbi kànga Hẹ́rọ́dù, wọ́n ń wo ara wọn. Níbi "mo rọ ọmọ inú rẹ̀ pẹ̀lú", ẹ̀rín bú sórí gbọ̀ngàn débi pé ẹnìkan já láti orí àga. Alága rò pé ayọ̀ ni, ó juwọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn obìnrin gbé ìró ta ògiri, ẹ̀rín tán lẹ́nu wọn. Wọ́n rí ewúrẹ́. Wọ́n gbọ́ igbe ọmọ. Wọ́n rí Ìyá Fúnmi tó tẹ́ ọmọ sínú ọpọ́n gàrí. Àwọn àgbà ọkùnrin ń nu ojú. Kò sí fíìmù Kérésìmesì kan ní Òkè-Ọsàn tó ti pa wọ́n lẹ́kún rí. Ẹ̀rín ni wọ́n ti máa ń bá lọ sílé.

"Ẹ gbé àga!" baba ìjọ tó ń darí ètò kígbe.

Àwọn ìjọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró sí igun tiwọn. Kò sí ẹni tó lọ bá wọn. Kódà tọkọtaya tí okùn áńgẹ́lì ba àárín wọn jẹ́ jọ dìde. Gbogbo gbọ̀ngàn gbé àga sórí, wọ́n sì kọjú sí ibi tí alága dúró sí. Ojú rẹ̀ tó wà lẹ́yìn àga ń bọ̀ wá bá a lọ́gọ̀ọ̀rọ̀. Olóyè Lawrence Ọmọ́tọ́ṣọ́ na ọwọ́ méjèèjì síta. Ó ti ń wá ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ lọ́kàn, ó ti mú "ẹ̀yin ènìyàn mi rere" lẹ́nu.

Èrò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó pín sí méjì, apá kan gba ọ̀tún rẹ̀ kọjá, èkejì gba òsì. Ẹnìkan ní "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ yẹra díẹ̀." Ẹ̀yìn ni gbogbo wọn ń lọ. Wọ́n to àga wọn yí Ọmọ́tóyọ̀sí àti àwọn obìnrin ilé gàrí ká. Florence gbé tirẹ̀ kọjá, kò wojú ọkọ rẹ̀. Olúwaṣògo dúró díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá rẹ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rọra gbé àga rẹ̀.

"Níbo lò ń lọ?" alága bi í.

"Mo fẹ́ lọ kọ ìròyìn rẹ̀ ni, sà," ó wí, ó sì lọ.

Alága yíjú sí Bàbá Ìkẹ́rẹ́, ó di agbádá rẹ̀ mú.

"Bàbá, ẹ rí i fúnra yín! Ìjọ mẹ́ta, kò sí ẹyọ àga kan lọ́dọ̀ wọn! Fíìmù mi ni wọ́n yàn!"

Bàbá Ìkẹ́rẹ́ tọ́ka sí Ṣẹ́gun pé kó wá bá òun gbé àga. Ó fara ti ọ̀pá, ó dìde.

"Mo rí i, Lawrence. Fíìmù rẹ ni wọ́n yàn. Ìwọ ni wọn ò yàn."

Ó sì tẹ̀ lé àga rẹ̀ lọ sẹ́yìn, ó ní kí wọ́n gbé ọmọ náà fún òun kí òun kí i káàbọ̀.